Ọmọ Ilé Méjì: Ọmọ, Òbí àti Arúgbó ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Bí àlejò bá wọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú tí Ajalọ́run jẹ́ ọba rẹ̀, ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì bá baba arúgbó kan tí ń gba atẹ́gùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá ti kíra tán, ìbéèrè tí baba náà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní ìhà Ọ̀yọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yìí ní, èyí ni orúkọ agbo ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú lè dárúkọ ilé baba rẹ̀, kí ó dárúkọ ilé tí a gbé bí ìyá rẹ̀, kí ó sì fi ilé tí a gbé bí ìyá baba rẹ̀ lé e, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Òyìnbó onímọ̀ kan, P. C. Lloyd, tí ó tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1962 lórí òfin ilẹ̀ àwọn Yorùbá, ṣàkíyèsí ọ̀ràn yìí dáadáa. Ó rí i pé nígbà tí ẹ̀yà Yorùbá ìhà àríwá ń ka ìdílé láti ọ̀dọ̀ baba sí ọmọkùnrin nìkan, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ń kà á láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin àti láti ọ̀dọ̀ obìnrin pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí obìnrin bí fi lè béèrè ilẹ̀ oko ní ilé baba ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì fún un. Ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fẹ́ràn láti máa sọ. Ní tèmi, ohun tí ó ju ilẹ̀ lọ ni ó wà níbẹ̀: àṣà yìí ni ó sọ ẹni tí yóò tọ́ ọmọ dàgbà, òun náà ni ó sì sọ ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà òbí nígbà tí eegun bá rọ̀.

Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó ti ń hàn. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé méjì ni a sì ń wò ní Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kẹjọ, bí ẹbí baba ti ń mú orúkọ wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí ìyá ń mú tiwọn wá, ọmọ kan ṣoṣo a sì gba orúkọ bí ẹni gba ẹrù. Nígbà tí a bá sì já a lẹ́nu ọmú, kò ṣọ̀wọ́n kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ìyá tí ó bí i kò lè bọ́ ọ, bí kò ṣe nítorí pé màmá àgbà nílò ẹsẹ̀ tí yóò máa jẹ́ iṣẹ́ àti ojú tí yóò máa bá a wo inú okùnkùn ìyẹ̀wù. Ìyá arúgbó yóò máa rin ewùrà tí wọn yóò fi se ìkọ́kọrẹ́, ọmọ yóò máa kó èèpo dànù. Ìyá arúgbó yóò máa yan gàrí nínú agbada, ọmọ yóò máa ko iná. Nínú èéfín yẹn ni ọmọ sì ti ń kọ́ oríkì ilé ìyá rẹ̀ láì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba pé n kò mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó sàn ju ẹ̀yìn ààrò ìyá àgbà lọ.

Kí ọdún 1892 tó dé, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní ayé Tùnwàṣe tí ó jẹ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú kì í ṣí sílẹ̀ gbáà fún àlejò. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ará òkè, tí wọ́n ń kó o lọ sí ọjà Ejìnrìn létí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e lọ sí Èkó. Ọmọ a máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹrù kékeré lórí, kí ó lè mọ owó kà kí ó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa fi oyin nìkan ra ìtàn lẹ́nu. Láyé àtijọ́, bí baba kan bá fẹ́ sin òbí tirẹ̀ pẹ̀lú ọlá, tí owó kò sì tó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó; iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe láàárọ̀ kò sì dín gbèsè náà kù, èlé lásán ni, títí ọjọ́ tí a bá san owó náà pé. Báyìí ni òkú baba àgbà ṣe ń jókòó lé ọrùn ọmọ-ọmọ. Ọ̀ràn yìí máa ń dùn mí bí mo bá rò ó, nítorí pé ìfẹ́ òbí ni ó bí i.

Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ọwọ́ ìlú a bọ́ sí i. Èyí ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ohun tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ń yangàn. Àwọn tí a bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó ń di ẹgbẹ́ kan, a ó sì fún wọn ní orúkọ tí ó so wọ́n mọ́ ọba: Ọbáfùwàjì, Gbọ́bańiyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ. Láyé àtijọ́, àwọn ni ìlú ń pè bí ọ̀nà bá fẹ́ títún ṣe, bí ọjà bá fẹ́ gbígbá, tàbí bí ogun bá dé. Nígbà tí kò sí ìwé ìbí, ẹgbẹ́ ni ìwé ìbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìyá rẹ̀, kò ní bi ìyá náà, nítorí pé a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò béèrè, yóò sì fi ọdún mẹ́ta mẹ́ta kà á wá sílẹ̀. Ọmọ yóò wo ẹgbẹ́ òbí rẹ̀ níwájú, yóò wo ẹgbẹ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, yóò sì mọ ibi tí òun dúró sí nínú ayé.

Ìṣẹ́gun ọdún 1892 fọ́n ìlà ẹgbẹ́ wọ̀nyí ká díẹ̀. Ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti ti Ìmàle wọlé wẹ́rẹ́, ilé ìwé tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1913 a dá Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà ti Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ là, àwọn ọmọ sì gba ọ̀nà náà lọ. Wọ́n lọ sí Èkó. Wọ́n lọ sí Ìbàdàn, títí tí wọ́n fi ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà fò láti nǹkan bí 457,000 sí iye tí ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ọmọ tí ì bá máa kó èèpo ewùrà fún ìyá àgbà wà lórí bẹ́ńṣì báyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ilé ńlá ti ń ṣófo láti ọ̀sán títí di alẹ́, tí arúgbó sì kọ́ bí a ti ń fetí sí ìró ọkọ̀.

Nígbà tí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ ní ọdún 1960, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń kú lọ. Òun ni ó jí i dìde, tí ó sì fi ọdún Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣe ọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá kí ọba. Àwọn ènìyàn ń wo ẹṣin àti aṣọ tí wọ́n rán fún ọjọ́ náà. Èmi a máa wo ohun mìíràn: pé nítorí ẹgbẹ́ ni ọmọ tí ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé fi ń padà wálé, tí ó sì di dandan kí ó sùn ní ilé ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọba náà wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí oyè, ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ni ó ní ìdí tirẹ̀ láti sunkún.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n arúgbó Ìjẹ̀bú kì í fi ọwọ́ òfo dàgbà. Bí ọkùnrin tàbí obìnrin bá ti gba oyè nínú Òṣùgbó, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògbóni, yóò fi ìtagbè lé èjìká, aṣọ tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun, tí wọ́n ń fi òwú ya ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ sí lára. Aṣọ ọlọ́nà wọ̀nyí lókìkí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ́ ní etí òkun, tí wọ́n ń rà á gẹ́gẹ́ bí ohun iyì. Bí ìyá kan bá sì dàgbà tán, ibi tí ìdílé méjì gbé wúlò nìyí. Opó Ìjẹ̀bú kì í ṣe ẹni tí a lè lé síta ní ilé ọkọ kí ó má ní ibi ìdúró, nítorí pé ìyẹ̀wù rẹ̀ ń bẹ ní ilé baba rẹ̀. Ohun tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ, ọkọ kì í jogún rẹ̀. Ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Baba ni a ń pín ogún tirẹ̀ ní ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, láìka iye ọmọ tí ó bí.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìjà tí ó le jù lọ nínú ẹbí a máa wà lórí ibojì. Bí ìyá bá kú, ilé ọkọ a ní àwọn ni ó ni òkú, ilé baba rẹ̀ a ní ọmọ àwọn ni. Àwọn ọmọ yóò jókòó sí àárín, wọn yóò bẹ apá ọ̀tún, wọn yóò bẹ apá òsì. Mo ti rí i tí wọ́n sin ìyá kan sí ilé baba rẹ̀, nínú ọgbà tí ó ti ń rin ewùrà nígbà èwe, tí wọ́n sì gbé oúnjẹ òkú lọ sí ilé ọkọ kí inú má baà bí wọn. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ náà bá ti Èkó dé, ilé méjèèjì ni wọ́n ń gbá.