Ọ̀jọ́, Ìbà àti Wáyà Tí Kò Tíì Délé: Ìtàn Ìlérí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tuntun kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ayára tí wọ́n ń pè ní broadband. Wọ́n ní kí ọdún 2025 tó parí, ìdá 70 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà yóò ti máa lò ó. Wọ́n ní yóò máa sáré tó mẹ́gábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìgboro, àti 10 ní ìgbèríko. Wọ́n tún ní owó gígábáìtì kan kò gbọdọ̀ ju 390 náírà lọ. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, a kò tíì dé ìdá 50. Ní ti owó dátà, ẹni tó bá rà á láàárọ̀ yìí kò nílò kí n ṣàlàyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 gan-an ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó, tó lè tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe láti bú mínísítà kankan ni mo ṣe mú kálámù. Irú ìlérí báyìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ó sì ní ọ̀nà kan pàtó tó máa ń gbà kùnà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà náà dáadáa, kó fi Etíkun Victoria Island sílẹ̀, kó wọ ọkọ̀ Badagry, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà níbẹ̀. Ọjà Àlàbá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ oníná fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Ìbà àti Òkòkòmáíkò tí ẹgbàágbèje akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń gbé kò jìnnà síbẹ̀. Bí a bá ń wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ayára yẹ kó ti kọ́kọ́ so èso, ibí yìí yẹ kó wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1886 ni ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company gbé wáyà tẹlígíráàmù gba abẹ́ òkun wọ Èkó, tí ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láì dúró de ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí wáyà náà wà fún kò pọ̀: àwọn òyìnbó ìjọba, àti àwọn oníṣòwò tó fẹ́ mọ iye tí epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń tà lókè òkun. Nígbà tó fi di ọdún 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Ní ti àwọn Àwórì tó ń pẹja tí wọ́n sì ń dáko ní Ọ̀jọ́ nígbà náà, ọ̀sà ni wáyà wọn. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó dé Èkó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń gbé e.

Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 ni gbogbo Nàìjíríà ní, a sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 40 ènìyàn. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbèdéke. Ètò ìdàgbàsókè àkọ́kọ́, láti ọdún 1962 sí 1968, sọ pé àwọn yóò fi 60,000 ìlà kún un. Nígbà tí àkókò pé, wọn kò ṣe ìdajì rẹ̀. Ètò ti ọdún 1975 sí 1980, ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, sọ pé ìlà tẹlifóònù yóò kúrò ní 52,000, yóò di nǹkan bí 460,000. Ní ọdún 1985 tí wọ́n da ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ NET láti fi dá NITEL sílẹ̀, nǹkan bí 200,000 péré ló wà. Ẹ kíyè sí i pé gbèdéke náà ti kọjá pẹ̀lú ọdún márùn-ún. Ó tó ọgọ́ta ọdún tí a ti ń fi ìwé ètò rọ́pò wáyà.

Àárín àkókò kan náà ni Ọ̀jọ́ di Ọ̀jọ́ tí a mọ̀ lónìí. Wọ́n ṣe títì márosẹ̀ Badagry. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí àwọn èèyàn wa sọ ní Ìjàpá. Ní ọdún 1977 wọ́n ṣí gbàgede Trade Fair lójú ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 1983, ìjọba Lateef Jakande dá LASU sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́, ibi ìpàtẹ ọjà àgbáyé, yunifásítì: ohun ìlú ńlá ni gbogbo rẹ̀, àfi tẹlifóònù. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ìwé ìròyìn máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn LASU sórí pépà, tí wọ́n á fi rán awakọ̀ dánfó sí ọ́fíìsì, nítorí pé ó yá ju kí wọ́n máa wá tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ọdún 2001 ló yí ìtàn padà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà náà, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ní oṣù kìíní ọdún náà, NCC lábẹ́ Ernest Ndukwe gbé ìwé àṣẹ GSM sí gbàǹjo ní gbangba. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni iye rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti ń ta ìlà. Ìjọba kò kọ́ òpó, kò ri wáyà. Ó kàn ṣe òfin tó mọ́, ó sì jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa bá ara wọn díje. Láàrin ọdún díẹ̀, alágbàfọ̀ Òkòkòmáíkò àti ọ̀jọ̀gbọ́n LASU jọ ń lo fóònù kan náà. Ọjà Àlàbá jèrè rẹ̀ púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìjọba Nàìjíríà kò lè ṣe nǹkan tó dára nínú ìbánisọ̀rọ̀, ọdún 2001 ni èsì.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni GSM kọ́kọ́ gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbà ní nǹkan bí ọdún 2003 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní night browsing: o sanwó fún onílé kọ̀ǹpútà ní alẹ́ nítorí pé owó alẹ́ dín ju ti ọ̀sán lọ, o jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ́ra, ó sì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe wá ìwé tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. (Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí a kò ní dárúkọ níbẹ̀.)

Wáyà abẹ́ òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé léraléra. SAT-3 dé ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ọwọ́ NITEL ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, NITEL sì ti ń kú lọ. Ìyípadà gidi dé ní ọdún 2010, nígbà tí Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arábìnrin Funke Opeke tó dá MainOne sílẹ̀ kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé wá wá mílíọ̀nù 240 dọ́là láti ri wáyà tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Èkó. WACS tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ACE. Ní ọdún 2022, Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí Èkó. Orúkọ Olaudah Equiano tí wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ wa ni wọ́n fi sọ wáyà náà.

Èkó wá di ibi tí omi íntánẹ́ẹ̀tì ti kún dé etí. A kì í sì gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Kí ló wá dé tí ẹni tó wà ní Ìbà ṣì ń ra dátà bí ẹni ń ra oògùn? Láti ibi tí wáyà òkun ti gúnlẹ̀ dé Òkòkòmáíkò, ilẹ̀ ni a ó gbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ yóò san owó ojú ọ̀nà fún ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn kan ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò tún béèrè tiwọn, àwọn ọmọ àdúgbò náà yóò sì jáde. Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ fẹnu kò sí 145 náírà fún mítà kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀lé e. Èkìtì ló gbìyànjú ní ọdún 2020, tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí já owó náà láti 4,500 wá sí 145. Bí wọ́n bá sì ri wáyà náà tán, katakata tó ń ṣe títì yóò hú u. NCC fúnra rẹ̀ ti sọ pé iṣẹ́ ojú ọ̀nà ló ń já èyí tó pọ̀ jù nínú wáyà tó ń já. Títì Badagry tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní ọdún 2009, tí wọn kò sì tíì parí rẹ̀ délẹ̀ títí di òní, ẹ fojú inú wo ohun tó ti kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ètò broadband àkọ́kọ́, ti ọdún 2013 sí 2018, wáyé nígbà tí Arábìnrin Ọmọ́bọ́lá Johnson jẹ́ mínísítà. Jim Ovia àti Ernest Ndukwe ni wọ́n jọ ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́. Ìdá 30 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke, NCC sì kéde pé ó pé ní òpin ọdún 2018. Funke Opeke kan náà ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ èkejì. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni ohun tí wọ́n ń kà. Ìlà fóònù tó lè gba 3G sókè ni wọ́n ń kà, wọ́n á wá fi pín iye ènìyàn. Ẹni tó bá ní káàdì SIM méjì di ènìyàn méjì. Ilé-ìwé tí kò ní wáyà kankan nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ lè wà nínú ìlú tí ìdá rẹ̀ ga, kò sí ohun tí yóò fi hàn.

Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ yan àdúgbò kan láti fi wáyà fáíbà ṣe àpẹẹrẹ ní Èkó, Yábàá ni wọ́n mú. Ní nǹkan bí ọdún 2013 ni MainOne, ìjọba ìpínlẹ̀ àti CcHub fọwọ́ sowọ́ pọ̀ níbẹ̀. N kò bá wọn jà. UNILAG àti Yabatech wà nítòsí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ sì rọ́ lọ síbẹ̀. Bọ́sún Tìjání tó wà lára àwọn tó dá CcHub sílẹ̀ ló wá di mínísítà lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tí Yábàá ní, Ọ̀jọ́ ní èyí tó jọ ọ́: yunifásítì tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àti ọjà tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ lè tú ohunkóhun palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà. Àlàbá àti LASU kò jìnnà síra wọn. Olùkọ́ tó ń wádìí bí ẹ̀rọ ṣe ń bàjẹ́ nínú ooru àti afẹ́fẹ́ iyọ̀ etíkun, tàbí ibi tí àlòkù ẹ̀rọ láti òkè òkun ń parí sí, kò ní láti lọ jìnnà.

Ìwádìí sì ni apá tó máa ń gba owó tó kéré jù nínú àwọn ètò wọ̀nyí. NCC ń fún àwọn olùkọ́ yunifásítì lówó ìwádìí, ó sì ti dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé kan. TETFund náà ń ṣe tirẹ̀, títí kan àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá NgREN sílẹ̀ láti so àwọn yunifásítì pọ̀ lórí wáyà kan, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ so. Ní ọdún 2023, ìjọba pín owó fún ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ 45 láti fi wádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá, mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà alágbára kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ náà lè jẹ gbogbo owó yẹn kó ṣì máa wò ọ́ lójú.

A rí ohun tí èyí ń fà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí SAT-3, WACS, ACE àti MainOne já lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan. Báńkì dákẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dúró. Equiano àti Glo-1 ló gbé wa díẹ̀. Irú ìṣòro yìí, bí a ṣe ń yí ọ̀nà padà fún ìsọfúnni nígbà tí wáyà bá já, ìwádìí tí yunifásítì wa lè ṣe ni.

Ní báyìí, ìjọba ní òun yóò ri wáyà fáíbà 90,000 kìlómítà kún nǹkan bí 35,000 tó wà nílẹ̀. Project BRIDGE ni wọ́n pè é, Báńkì Àgbáyé sì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò jọ máa gbà, 3,000 kìlómítà ní ìpele àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 sì yẹ kó dé Òkòkòmáíkò. Ètò mẹ́ta ni wọ̀nyí, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì máa gbẹ́. Kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí, kí wọ́n mú àwòrán ọ̀nà náà jáde fún aráàlú, kí wọ́n sì fi hàn wá lórí rẹ̀ ibi tí wáyà yóò ti yà wọ ẹnu géètì LASU, ibi tí yóò ti yà wọ Ìbà, àti ọjọ́ tí wọn yóò tàn án.