Orúkọ Salieri Lọ́wọ́ Àwọn Onísinimá

Ìgbésí ayé àwọn olórin ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ti di igbó ọdẹ fún àwọn onísinimá. Gbèsè, àlè, owú àti ikú àìtọ́jọ́ ni ẹran tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Sinimá tí ó lókìkí jùlọ nínú irú wọn ni Amadeus, tí Milos Forman ṣe ní ọdún 1984, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar 8. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé Antonio Salieri fi owú wá ikú Wolfgang Amadeus Mozart. Ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ní Legnago, ní ilẹ̀ Ítálì, ni a bí Salieri ní ọdún 1750. Gassmann, ọ̀gá rẹ̀, mú un wá sí Vienna ní 1766. Nígbà tí ó di 1788, òun ni olórí àwọn olórin ààfin ọba. Ó kọ́ Beethoven, Schubert àti Liszt ní iṣẹ́. Sinimá sọ pé ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun kò ní mọ obìnrin. Ìtàn sọ pé ó gbéyàwó, ó sì bí ọmọ 8.

A kò ní sọ pé kò sí ìdíje láàrin àwọn méjèèjì. Nígbà tí Mozart dé Vienna ní 1781 tí ó ń wá iṣẹ́, ó kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, ó ń ráhùn pé Salieri nìkan ni ó níyì lójú ọba. Ṣùgbọ́n ní 1785, wọ́n jọ kọ orin kan, àwọn pẹ̀lú olórin mìíràn tí ń jẹ́ Cornetti, láti bá obìnrin akọrin kan yọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Orin náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó kéde ní 2016 pé a ti rí i ní Prague. Ní oṣù kẹwàá 1791, Mozart mú Salieri lọ wo La Flûte enchantée. Ó sì kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé Salieri yin gbogbo orin inú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Mozart fi kú, ní ọmọ ọdún 35. Ibà líle ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó pa á. Nígbà tí ó yá, Franz Xaver, ọmọ Mozart, di akẹ́kọ̀ọ́ Salieri. Ìyá wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ẹni tí ó gbà pé ó pa bàbá ọmọ náà?

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde? Nígbà ogbó Salieri, tí ara àti ọkàn rẹ̀ kò dá mọ́, àwọn ènìyàn ń sọ káàkiri pé ó ti jẹ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó kú ní 1825. Ní 1830, Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ eré kan níbi tí Salieri ti bu májèlé sí ọtí Mozart. Rimsky-Korsakov sọ ọ́ di eré olórin. Peter Shaffer, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé eré tirẹ̀ jáde ní 1979, èyí ni Forman sì sọ di sinimá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Òótọ́ ni pé ìránṣẹ́ kan wá bẹ Mozart níṣẹ́ orin òkú, Requiem, láì dárúkọ ẹni tí ó rán an. Ẹni náà ni ìjòyè kan, Franz von Walsegg, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó sì fẹ́ pe orin náà ní tirẹ̀. Sinimá gba ẹ̀ṣẹ̀ Walsegg, ó gbé e ka Salieri lórí. Irọ́ tí a fi òwú òtítọ́ hun ni èyí, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í tètè já.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú Amadeus, Salieri fúnra rẹ̀ ni ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà, olùwòran sì rò pé òun ti gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ẹnu àyálò ni ẹnu náà; Shaffer ni ó yá a fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ máa wo sinimá, nítorí ó dùn, orin inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀daràn níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí eré náà ń jèrè lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lẹ́tà, ìwé ààfin àti ẹ̀rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ní 1778, eré orin Salieri ni wọ́n fi ṣí La Scala ní Milan. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán ní 2004, eré kan náà ni wọ́n tún fi ṣí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ́rìí fún un. Ó kù kí àwa náà gbọ́ ẹ̀rí náà kí a tó dá ẹjọ́.