KẸ̀KẸ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ OKO: ÌTÀN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ JẸ́ KÍ IGBÓ BÒ

Nígbà tí a bá pàdé báyìí, ọ̀rọ̀ inú kíláàsì ló sábà máa ń gba ẹnu wa: ta ló gba ipò kìíní, ta ló máa ń sá fún iṣẹ́ oko, ta ló sọ olùkọ́ báyìí ní inagijẹ tó mọ́ ọn lára títí di òní. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, èyíinì ni ọ̀nà tóóró tó gba inú igbó wọ Òjòkú, àti kẹ̀kẹ́ tó ń gbà á.

Àwọn òyìnbó ti sọ gígun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà igbó àti ọ̀nà òkè di eré ìdárayá ńlá. Mountain biking ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń ná owó gọbọi lé e lórí, láti ọdún 1996 ni wọ́n sì ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nídìí rẹ̀ níbi ìdíje Òlíńpíìkì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni pé àwọn bàbá wa ti ń gun kẹ̀kẹ́ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Wọn kò pè é ní eré, torí pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ayọ̀ wà nínú rẹ̀, ìtàn sì wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì kọ sílẹ̀.

Ọ̀NÀ LÓ ṢÁÁJÚ KẸ̀KẸ́

Kí kẹ̀kẹ́ tó dé, ọ̀nà ti wà. Òjòkú, Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, Ìlemọ̀nà àti àwọn ìlú yòókù ní agbègbè wa, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ sì rántí bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Kò fẹ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kan gbà lọ, torí pé a kì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa nínú igbó, ṣe là ń tò tẹ̀lé ara wa. Kò tọ́ gbọọrọ, torí pé ó yà fún ìrókò, ó yà fún àpáta, ó yà fún ojúbọ, ó tún yà fún igi tó wó ní ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Igi náà ti jẹrà tán, ọ̀nà ṣì ń yà fún un. Obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ lọ sọ́jà kò ní dojú kọ òkè ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí ọrùn má baà ro ó. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa ló wọn ọ̀nà wa, ẹsẹ̀ wọn náà ló là á.

Ọ̀nà kì í ṣe ohun tí a ń là lẹ́ẹ̀kan kí a wá gbàgbé rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, láàárín oṣù díẹ̀ koríko á ti gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú fi ń kó àdá àti ọkọ́ jáde láti yẹ ọ̀nà, tí a sì máa ń bá ẹni tó fi ara pamọ́ wí. Nígbà ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ènìyàn fọ́nká kúrò ní ilé baba wọn, ta ló fẹ́ yẹ ọ̀nà? Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá sá fún, kíkú ló ń kú. Nígbà tí àlàáfíà padà, ẹsẹ̀ náà ló tún jí i.

BÍ KẸ̀KẸ́ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ tó pè ní Rover jáde ní Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ṣéènì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1888, John Boyd Dunlop fi afẹ́fẹ́ sínú taya rọ́bà ní Belfast. Ẹ wá gbọ́ èyí. Rọ́bà tí ayé ń wá kiri fún irú taya bẹ́ẹ̀, igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde ju tọ́ọ̀nù 2,200 lọ. Wọ́n ṣá igi náà lára débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú láàárín ọdún díẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá wa tó fojú kan kẹ̀kẹ́, igi wa ti wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

Rélùwéè ló wá jẹ́ kí ó rọrùn láti kó kẹ̀kẹ́ dé apá ọ̀dọ̀ wa. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá wọ Ìlọrin ní 1908. Bí ẹrù bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà, kí ló kù tí yóò gbé e dé Òjòkú? Orí ni, tàbí kẹ̀kẹ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń gùn ún ni àwọn tí iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ ìjọ ń rán kiri: akọ̀wé, tíṣà, oníwàásù, àti wolé-wolé tí àwọn ìyá wa máa ń torí agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà náà ń bẹ, tí wọ́n ń di aṣọ àwìn kiri láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn wọn ni àgbẹ̀ wá dá sí i, pàápàá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí irè oko ń mówó wá. Ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ nígbà náà, wọ́n á bá a yọ̀ bí ẹni pé ó kọ́lé ni.

Raleigh ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù. Ní Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ náà sì ṣe ju mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ lọ ní ọdún 1951 nìkan. (Láti 2002 ni wọn kò ti ṣe kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ mọ́.) Ó dúdú, ó ga, ó wúwo tó nǹkan bí kílò 20, kò ní jíà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, a kò sì gbọdọ̀ gùn ún lóru láìtan iná. Ṣé ẹ rántí àwọn àgbà tó máa ń fi aṣọ wé irin rẹ̀ kí ọ̀dà má baà họ? Ọmọ tó bá fọwọ́ kan agogo rẹ̀ láìgbàṣẹ, ó mọ ohun tójú rẹ̀ máa rí!

ỌGBỌ́N TÓ WÀ NÍNÚ GÍGÙN ÚN

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gígun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà oko kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, a ní láti fà sẹ́yìn lórí ìjókòó, kí a sì rọra máa tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù tẹ ti iwájú pinpin, kẹ̀kẹ́ á gbé e fò, á fi imú gbálẹ̀. Nínú yanrìn ọ̀gbẹlẹ̀, a kì í bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jà. A máa ń jẹ́ kó wá ọ̀nà tirẹ̀ díẹ̀ ni. Lákòókò òjò, ẹrẹ̀ pupa á kún àárín taya àti mọ́gáàdì títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́, igi la ó fi máa ha á. Bí a bá dé odò, kẹ̀kẹ́ tó gbé wa wá, àwa náà á wá gbé e sí èjìká. Bí taya bá jò tí kò sí gọ́ọ̀mù nítòsí, àwọn kan máa ń ki koríko sínú rẹ̀ kó lè gbé wọn délé.

Ẹrù ńkọ́? Iṣu, ìdì igi, kẹ́ẹ̀gì ẹmu, ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kárírà ń gbà. Ẹni tó di ẹrù sẹ́yìn jù, iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa fò sókè bí a bá ń gun òkè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dì á pín in kó dọ́gba. Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ni nínú ìwé, ara ló ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, tí ẹ kọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́ tí a yá lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú? Ẹsẹ̀ yín kò tó ìjókòó, ẹ wá ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí alákàn, ẹ sì ń lọ! Ojúgun àwọn kan nínú wa ṣì ń jẹ́rìí sí i.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ CALIFORNIA ṢE

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ oníríìmù líle àti taya ńlá jọ, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wọn gun orí òkè, wọ́n sì ń gùn wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn wúwo tó Raleigh bàbá wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n sọ ní Repack. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó tán, wọ́n á sì ní láti tún òmíràn kì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní 1977, Joe Breeze ṣe férémù tuntun fún irú ọ̀nà yìí. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tà á, Tom Ritchey sì ń bá wọn ṣe férémù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di òwò, tó di ìdíje àgbáyé ní 1990.

Mi ò sọ pé wọ́n jí i lọ́wọ́ wa o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun kan náà ni ọ̀nà fi kọ́ wọn àti àwa. Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lo ti ínṣì 26, kí wọ́n tó wá rí i pé ẹsẹ̀ tó tóbi ń gun orí gbòǹgbò àti kòtò pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ni wọ́n bá gbé ínṣì 29 jáde bí ohun tuntun. Ríìmù tiwọn yìí jẹ́ mìlímítà 622 níbi tí taya ń jókòó sí. Ti Raleigh onínṣì 28 tí bàbá wa ń gùn, 635 ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Ẹ tún wo ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lókè òkun máa ń kọ́ni pé a kì í la ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ òkè ní tààrà, torí pé omi òjò á sọ ọ́ di kòtò. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni kó gbà, kó má ga ju ìdajì bí òkè náà ṣe dà lọ. Àbí kí ni ìyá tó ru ànàmọ́ ń ṣe láti ọjọ́ yìí?

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ LÓNÌÍ

Láti àwọn ọdún 1980 ni alùpùpù ti ń gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Ó yá, ó lágbára, kò sì mú wa làágùn. Ọ̀nà tí alùpùpù àti mọ́tò fẹ́ràn fẹ̀ sí i, èyí tí wọn kò fẹ́ràn sì di igbó. Kẹ̀kẹ́ wá di ohun ìṣeré ọmọdé, tàbí àmì òṣì lójú àwọn kan. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, tí jálá kan fò láti nǹkan bíi náírà 185 kọjá 500, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún rántí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ti wọ inú ọ̀nà. Ìjínigbé tó ń dààmú gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara ti mú kí àgbẹ̀ máa wo ẹ̀yìn kó tó wọ oko rẹ̀. Mi ò ní tan yín pé kí ọmọ yín gbé kẹ̀kẹ́ lónìí kó máa ṣeré wọ igbó. Kò tíì yá.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sọ ìrètí nù. Ẹ wo Rwanda, ilẹ̀ òkè gẹ́gẹ́gẹ́, níbi tí ìpakúpa ọdún 1994 ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ní 2005 ni Tom Ritchey tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan débẹ̀, tó rí àwọn àgbẹ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru kọfí. Ní 2012, Adrien Niyonshuti, ọmọ Rwanda tó pàdánù àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nínú ìpakúpa náà, gun kẹ̀kẹ́ òkè fún ilẹ̀ rẹ̀ níbi Òlíńpíìkì London, ó sì parí eré sí ipò 39. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bani rí náà ni ayé wá ń lọ ṣeré.

Kí ni mo wá ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín? Ohun kékeré ni. Àwọn tó mọ àwọn ọ̀nà àtijọ́ ń dín kù lọ́dọọdún. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa tó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, kó jókòó ti àgbà kan nílé, kó sì béèrè ọ̀nà kan ṣoṣo: kí ni orúkọ rẹ̀, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, odò wo ló dá kọjá, ta ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ọdún wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ọ̀nà wọ̀nyí ni ẹ̀rí pé àwọn ìlú tó ń ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to lórí ààlà lónìí ti jọ ná ọjà kan náà rí, tí wọ́n sì fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí ọjọ́ bá dé tí igbó tún ṣeé wọ̀ láìfòyà, àwọn ọmọ wa á mọ ibi tí wọn yóò gbé àdá lé.

Ẹsẹ̀ ló la ọ̀nà àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Bí ẹsẹ̀ bá sinmi fúngbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí bírò máa bá wa yẹ̀ ẹ́.