Ìṣirò àti Ọmọbìnrin: Láti Ìgbà Owó-ẹyọ dé Ilé-ẹ̀kọ́ Girama

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa, pé ìṣirò le ju orí ọmọbìnrin lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹta. Kò pẹ́ tí òun náà fi gbà á gbọ́, ó sì pa ìwé ìṣirò dé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí n kò gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni.

Nígbà tí a ń ná owó-ẹyọ, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ọ̀pọ̀ òwò ọjà wà. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Bí wọ́n bá tú ọ̀kẹ́ sílẹ̀, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣà á títí yóò fi pé. Ẹ tún wo èdè tí wọ́n fi ń kà á. Ẹni tí ó bá pe márùndínláàádọ́ta ti ka ogún lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá kúrò, ó sì ti yọ márùn-ún sí i, kí ó tó pa ẹnu dé. Ètò yìí ni Adolphus Mann, míṣọ́nárì CMS, kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1887.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yí nǹkan padà. Ní 1859 ni CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ọmọkùnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ó di 1869 kí ti ọmọbìnrin tó dé. Ìjọba náà kò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ: King's College, 1909, Queen's College, 1927. A ń kọ́ ọmọkùnrin kí ó lè di akọ̀wé tàbí àlùfáà. A ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìránṣọ àti ìtọ́jú ilé, kí ó lè di aya wọn. (N kò bú ìránṣọ o, ẹni tí kò mọ ìwọ̀n kò lè gé aṣọ.)

Ní 1954, Grace Alele, ọmọ tí a bí ní Warri tí ó sì ti jáde ní Queen's College, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985, nígbà tí a ti ń pè é ní Alele-Williams, ó di gíwá Yunifásítì Benin. Ṣùgbọ́n Ẹdẹ ni ọkàn mi ń padà sí. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ rí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò rí: obìnrin tí ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, tí ó ń yanjú ìṣirò lójú pátákó.

Aṣọ òkè ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà nísinsìnyí. Mo ti jókòó tì í nígbà tí ó ń bá oníbàárà ná ọjà. Ó ti ṣírò owó òwú, owó ahunṣọ, owó ọkọ̀ àti èrè tirẹ̀ kí oníbàárà tó sọ iye tí yóò san, láìfọwọ́ kan bébà. Síbẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ bá mú iṣẹ́ ìṣirò wálé, yóò ní kí ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀.