Ìrántí Àgbà ní Ilẹ̀ Kétu àti Ìmọ́lẹ̀ Inú Ọpọlọ

Oyè kan wà ní Kétu tí kì í ṣe ti ogun, tí kì í sì í ṣe ti ọjà. Baba Ẹlẹ́gùn ni a ń pe ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ìtàn ìlú sórí, kí ó sì kà á jáde nígbà tí Alákétu tuntun bá gun orí ìtẹ́. Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ, inú ọpọlọ àwọn àgbà ni ìtàn náà sá pamọ́ sí. Láti ẹnu àwọn àgbà ni Edouard Dunglas àti Geoffrey Parrinder ti gba púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣègùn nìkan lọ́dọ̀ wa. A máa ń sọ pé ó ń ṣarán, a sì kà á sí ara ogbó. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó, èyí tí mo kà sí ìwà ìkà gbáà.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, Kayode Osuntokun àti Adesola Ogunniyi nínú wọn, dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie ti Indiana láti ka àwọn tí àrùn ìgbàgbé mú ní àdúgbò Ìdíkàn. Ní 1995 wọ́n gbé èsì jáde: nínú 100 àgbà tí ó ti tó ọdún 65, àwọn tí àrùn náà mú ní Ìbàdàn jẹ́ 2.29, láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ó jẹ́ 8.24. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní 2009 láti Djidja, ní ìwọ̀-oòrùn Kétu, rí 2.6, ti Kutọnu, ní 2011, rí 3.7.

Kí ló fà á? Oúnjẹ ni bí, tàbí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àbí àwọn ẹbí ni kò sọ gbogbo ohun tí wọ́n rí? Láti ìgbà Alois Alzheimer, ní 1906, ẹ̀yìn ikú nìkan ni a ti ń rí ìdọ̀tí tí ó ń dì sí ọpọlọ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ àwa kì í fẹ́ kí a la òkú àgbà.

Ẹ̀rọ tí àwọn Faransé ń pè ní TEP ló yí èyí padà. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa jẹ ṣúgà púpọ̀. Èyí tí ó ń kú lọ kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá so fluorine-18 mọ́ irú ṣúgà kan, tí a sì fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó yí orí ká máa ń gbà, tí ó sì fi ń ya àwòrán. Ní 1976, Brookhaven ni wọ́n ti po èròjà atọpasẹ̀ yìí, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Philadelphia, níbi tí Abass Alavi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fún ènìyàn. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò ríran tó ti òní. Ní 2002, ní Uppsala, wọ́n lo èyí tí William Klunk àti Chester Mathis ṣe ní Pittsburgh, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí náà gan-an. Láti ìgbà náà ni a ti lè rí i nínú ọpọlọ ẹni tí ó ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n àwọn èròjà wọ̀nyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìṣẹ́jú 110, ìdajì fluorine-18 ti lọ. Ti carbon-11 tí wọ́n lò ní Uppsala kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Èyí tí a bá gbé kúrò ní Kutọnu lónìí, kí ọkọ̀ tó gun òkè dé Kétu, púpọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Àgbà ni yóò ní láti lọ bá ẹ̀rọ, owó ọ̀nà àti ti àyẹ̀wò yóò sì di ti ẹbí.

Irinṣẹ́ tí wọ́n lò ní Ìdíkàn kò ní ìtànṣán kankan. Ìbéèrè ni, tí a túmọ̀ sí Yorùbá, tí ẹni tí kò mọ ìwé lè dáhùn. Wọ́n sì tún máa ń bi ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ohùn Kétu yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, nítorí náà a óò ní láti tún àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà ní Pobè àti Sakété lè ṣe ìyẹn.