Ọmọ Àgbẹ̀ Lójú Ogun Bọ́mà



Bí ènìyàn bá dúró ní Àkòtógbó, níbi tí igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń súnmọ́ ti àwọn ará Ẹdó, kò ní rò pé ogun tí àwọn aláwọ̀ funfun ń jà lókè òkun lè kan irú ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ogun náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dé oko. Ní oṣù Èrèlé 1942 ni Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànì, lẹ́yìn tí Malaya ti bọ́. Láti Malaya ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí èyí tí ó pọ̀ nínú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe táyà. Nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ dí, wọ́n yíjú sí igbó wa. Ní Benin àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa dá igi rọ́bà lára kí oje rẹ̀ ó ṣàn. Ní gbogbo ilẹ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ní kí tọkùnrin tobìnrin pa ẹkùrọ́ sí i. Ẹni tí kò rí ìbọn rí ń ṣiṣẹ́ ogun láìkúrò nínú oko bàbá rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe láti orúkọ àwọn ọ̀gágun.

Àwọn mìíràn fi oko sílẹ̀, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ẹkùn Oǹdó kan náà ni Ọ̀wọ̀ àti Òkìtìpupa wà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1942, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì fi orúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó mú un ní túláàsì. Nígbà tí ó wá kọ ìtàn ara rẹ̀, kò purọ́ pé ìfẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé òun lọ. Ó ní òun kò tilẹ̀ bi àwọn òbí òun léèrè. Ìwà ọ̀dọ́ ni. Mo fẹ́ràn òótọ́ yìí púpọ̀ ju ìwé ìkéde ìjọba lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí, nínú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àmì ẹgbẹ́ náà ni aláǹtakùn, Àǹàǹsí inú àlọ́ àwọn ará Ghana. Àwọn àgbà wa ń pe ogun yìí ní Ogun Hítílà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, kò fojú kan ọmọ ogun Hítílà kankan níbẹ̀. Ará Jàpáànì ni wọ́n bá jà.

Ibi tí wọ́n rán wọn lọ ni àfonífojì odò Kaladan. Òkè ni, igbó ni, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 kí wọ́n tó lè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ òfuurufú ní ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí àwọn aláàárù tí ó bá wọn ti ilé wá ní ń rù ú. Òṣùká tí wọ́n fi ń ru iṣu nílé, òun náà ni ó gbé ogun Gẹ̀ẹ́sì kọjá lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Àwọn ìwé ìtàn ogun kì í sábà fún aláàárù ní ju ìlà méjì lọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà 1944, Fádoyèbọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ọparun sọ̀ kalẹ̀ lójú odò náà gúnlẹ̀ sí etí odò. Òwúrọ̀ ni àwọn ará Jàpáànì dà wọ́n bo. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú. Òun àti David Kargbo, ará Sàró, ni ó ṣẹ́kù sí ibẹ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń padà sẹ́yìn ní àfonífojì náà. Kò sí ẹni tí yóò wá wọn.

Àgbẹ̀ ni ó gbà wọ́n. Mùsùlùmí ni, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn nínú igbó. Nígbà tó yá, Shuyiman kó àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀, láàárín aya àti ọmọ. Fádoyèbọ̀ tí ó jẹ́ Kristẹni ṣe bí Mùsùlùmí kí ó lè bá wọn gbé. Bí àwọn ará Jàpáànì bá rí wọn, ikú ni fún àlejò, ikú náà ni fún onílé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò báyìí, títí di oṣù Ọ̀pẹ 1944, nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì padà wá tí àwọn ọmọ ogun Gurkha sì bá wọn níbẹ̀.

Kí ni Shuyiman rí nínú rẹ̀? Kò sí owó, kò sí oyè. Mo rò pé ẹni tí ó tí inú oko wá ni ó tètè lóye irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àlejò tó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà oko rẹ, o kò lè rékọjá rẹ̀.

Fádoyèbọ̀ padà sílé ní 1945. Ẹsẹ̀ náà kò san délẹ̀; ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí pé ó mọ̀wé, ó ríṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn aláàárù kò rí bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ wọn padà sídìí ọkọ́ àti àdá. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé 1948, àwọn tí wọ́n ti ogun dé kó ara wọn jọ láti lọ béèrè ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn kú. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn òmìnira láìdárúkọ irú àwọn wọ̀nyí, ó fo ojú ewé kan.

Ní 1999 ni yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ ìtàn tí Fádoyèbọ̀ kọ jáde. Ìwé náà kò nípọn, ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́, èmi kò bá ní ohun tí mo ń sọ fún yín yìí. Ní 2011 oníròyìn Barnaby Phillips gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí etí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìròyìn náà sì padà dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó yìí kí òun náà tó kú ní oṣù Bélú 2012. Ní 2017, wọ́n lé àwọn Rohingya, ẹ̀yà Shuyiman, tí iye wọn ju 700,000 lọ, kúrò ní apá ilẹ̀ Myanmar yẹn lọ sí Bangladesh.