Ọnàbánjọ, Victor Ọlábísí (1927–1990)

Akọ̀ròyìn àti olóṣèlú ọmọ Ìjẹ̀bú, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 12 oṣù Kejì 1927.

Kálámù ni aráyé kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Abẹ́ orúkọ Ayékòótọ́ ló ti ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Daily Service àti Daily Express, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀. Ní 1977, ó di alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ gbé e wọlé gómìnà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìjọba rẹ̀ gbájú mọ́. Ní 7 oṣù Keje 1982, ó dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò gbé e sí Abẹ́òkúta tí í ṣe olú-ìlú. Àárín ìlú àwọn àgbẹ̀ ló gbé e sí, ìpinnu tó gba ìgboyà. Ọmọ Mámù, Òrù tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó lè jáde nílé láàárọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́, kó sì padà wá sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Sáà rẹ̀ kejì kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ológun fi gbàjọba, ní 31 oṣù Kejìlá 1983. Ilé-ẹjọ́ ológun rán an lẹ́wọ̀n ọdún 22 lórí owó tí wọ́n ní ó gbà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ náà le jù. Ó kú ní 14 oṣù Kẹrin 1990. Láti 2001 ni yunifásítì náà ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.